Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ló Fi Ń Wò Ó

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Jígí. Kì í ṣe pé ó ń ta jígí. Mọ́tò ló ń dán. Tó bá dán mọ́tò tán, ènìyàn lè dúró níwájú ilẹ̀kùn mọ́tò náà kó fá irùngbọ̀n. Ibi tí orúkọ náà ti wá nìyẹn.

Ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò ju yàrá gígùn kan lọ. Páànù ni òrùlé, sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀, gílóòbù mẹ́rin ló wà lókè. Ọ̀gá ló ni ín. Akunmọ́tò ń kun mọ́tò lápá ọ̀tún, Bàbá Jígí ń dán an lápá òsì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi dúró lápá òsì náà.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí á rò pé pólíìṣì ló ń dán mọ́tò. Rárá o. Fóòmù ni. Fóòmù róbótó kan ni, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì máa yí i. Pólíìṣì dà bí ìpara, fóòmù ni ọwọ́ tó ń fi í para. Ọwọ́ tó bá dọ̀tí kì í sì í kan ojú ẹni. Bí horo iyanrìn kan ṣoṣo bá há sínú fóòmù, tí ẹ̀rọ sì ń yí, ìlà róbótó róbótó ni yóò máa fà sára mọ́tò, bí ilé aláǹtakùn. Lára mọ́tò funfun, ènìyàn lè má rí i. Lára mọ́tò dúdú, àfi afọ́jú.

Fóòmù mẹ́fà ni Bàbá Jígí ní. Méjì le, àwọn ni wọ́n fi ń fá ibi tó bá họ. Méjì kò le, kò rọ̀. Méjì tó kù rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́, àwọn ni wọ́n fi ń parí iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló fi òwú sàmì sí etí wọn: òwú pupa fún èyí tó le, òwú búlúù fún ti àárín, òwú funfun fún èyí tó rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà ló ń fọ̀ wọ́n.

Báyìí ló ṣe ń fọ̀ wọ́n. Abọ́ mẹ́ta ló ní, olówùú pupa kì í sì í bá olówùú funfun pàdé nínú omi kan náà. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Kò gbọdọ̀ gbóná, nítorí gúlù ló mú fóòmù mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, omi gbígbóná á sì tú u. Ọṣẹ díẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ló fi ń gbọn pólíìṣì kúrò nínú ihò rẹ̀, láti àárín lọ sí etí. Kì í fún un bí aṣọ. Àárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ló ti ń tẹ̀ ẹ́; á tẹ̀ ẹ́, á tú u sílẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́, títí omi tó ń jáde lára rẹ̀ á fi dà bí èyí tí ènìyàn lè mu. Á wá gbé wọn dúró lórí etí wọn níbi tí wọ́n ń to àwo sí, lábẹ́ òjìji. Bí wọ́n bá gbẹ, á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọ̀tún, òsì. Ó ní ọwọ́ ti fọ abọ́, ó ti fọ aṣọ, ó ti le, ọwọ́ lè purọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í purọ́. Èyí tó bá yege á wọ inú ọ̀rá tirẹ̀, ó di ọ̀la.

Lọ́dún àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ ara wọn, Bàbá Jígí yọ fóòmù kan nínú ọ̀rá, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò. Ìyàwó rẹ̀ rí i láti ẹnu ọ̀nà.

"Kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Mo kàn ń wò ó ni."

"Mo ti wò ó. Tó bá jẹ́ pé ẹ óò máa wò ó lẹ́yìn mi, ẹ máa fọ̀ ọ́ fúnra yín."

Bàbá Jígí dá a padà sínú ọ̀rá. Láti ọjọ́ náà, kò wò ó mọ́. Níbi iṣẹ́, bó bá ti jáde nínú ọ̀rá, ẹnu ẹ̀rọ ló ń lọ. Akunmọ́tò máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Jígí, ẹ ò ní wò ó ni?"

"Ìyàwó mi ti wò ó."

"Ẹ kú ìfẹ́ o! Èmi, bí ìyàwó mi bá bu omi fún mi, mo máa ń wo ìdí ife."

"Ó yẹ kó o wò ó. Ìwọ lo mọ ohun tó o ṣe fún un."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ń sọ ọ́ báyìí, ẹ̀rín rẹ̀ kò sì tán.

Nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, kò jọ nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀ tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sínú páálí ọṣẹ. Ó béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí tíì tó tutù. Nígbà tó yá, ó fi iyọ̀ sí tíì náà. Bàbá Jígí mu ún tán, ó sì dúpẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó jáde lọ ra búrẹ́dì ní ìkángun òpópónà wọn, ibi tó ti ń rà á láti ọjọ́ pípẹ́. Oníbúrẹ́dì ló fà á lọ́wọ́ padà wálé.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Màmá ní àwọn ò rí ilé mọ́."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ilé ló sọnù. Èmi ò sọnù."

Bàbá Jígí bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí oníbúrẹ́dì lọ tán, ó jókòó sórí àpótí, kò bọ́ bàtà rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Tíṣà ni, ilé ọkọ rẹ̀ sì tó ìrìn wákàtí méjì nínú mọ́tò. Ó dé ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e. Kò tíì mu omi tó fi sọ ohun tó bá wá.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí Màmá máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

"Kí ló dé?"

"Ẹ tún ń béèrè ohun tó dé? Oníbúrẹ́dì ló pè mí lórí fóònù, kì í ṣe ẹ̀yin. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lẹ wà níbi iṣẹ́. Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?"

Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu Bàbá Jígí. Ó dìde, ó kó fóòmù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ di ojú. Ó mú ọ̀kan, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀.

"Pupa," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó mú òmíràn.

"Funfun. Pupa. Búlúù. Ẹ tún gbé búlúù wá, ẹ ò lè tàn mí. Funfun."

Kò ṣi ẹyọ kan. Ó la ojú, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Tíṣà, ṣé mo yege? Ṣé n lè bọ́ sí kíláàsì kejì?"

Ọmọ náà fi ọwọ́ nu ojú.

"Ẹni tó mọ èyí kò tíì sọnù," ni Bàbá Jígí wí.

Nígbà tí ìyá jáde lọ da omi nù, ọmọ sún mọ́ bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, mo ti rí i. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọn ò bá mọ̀ ọ́n mọ́ ńkọ́?"

Bàbá Jígí wo àwọn fóòmù náà lórí tábìlì.

"Lọ́jọ́ náà, wá mú un."

Bí wọ́n ṣe fi àdéhùn sí i nìyẹn. Bàbá Jígí kì í sì í yẹ àdéhùn.

Látìgbà náà, nǹkan yí padà nínú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, kì í wo fóòmù nítorí pé ó fọkàn tán ìyàwó rẹ̀. Ní báyìí, kì í wò ó nítorí pé ẹ̀rù ń bà á. Lójú Akunmọ́tò, ohun kan náà ni. Nínú Bàbá Jígí, kì í ṣe ohun kan náà.

Ní Ọjọ́rú kan, mọ́tò dúdú kan wọlé. Ti obìnrin agbẹjọ́rò kan ni, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó rà á. Ẹyẹ ṣu sí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, oòrùn pa á, ìgbẹ́ ẹyẹ náà sì jẹ ọ̀dà mọ́tò. Iṣẹ́ Bàbá Jígí gan-an nìyẹn. Ó fi olówùú pupa fá a. Ó fi olówùú búlúù tẹ̀lé e. Ó ku olówùú funfun.

Ó mú ọ̀rá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kì í ta ọ̀rá ní kókó. Ṣe ló máa ń ká ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kókó ni wọ́n ta sí èyí, kókó mẹ́ta, ọ̀kan lórí èkejì. Bàbá Jígí tú kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó yọ fóòmù, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Ó gbé e sókè títí ó fi dé àgbọ̀n rẹ̀.

Akunmọ́tò rí i láti ọ̀hún. "Ẹ ẹ̀n! Bàbá Jígí, ṣé ẹ fẹ́ wò ó lónìí ni?"

Bàbá Jígí sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Ìyàwó mi ti wò ó."

Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń dún dáadáa. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń jẹ ìrẹsì olókùúta. Ó pa á. Ó fi aṣọ nu ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa gílóòbù sún mọ́ ọn. Ìlà róbótó róbótó kún ibẹ̀ láti etí dé etí.

Ọ̀gá sáré dé. "Bàbá! Kí lèyí? Ṣé fóòmù bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ yín ni?"

Bí Bàbá Jígí bá ní fóòmù ni, gbogbo wọn ló mọ ẹni tó fọ̀ ọ́.

"Ọwọ́ mi ni," ó wí. "Mo tẹ ẹ̀rọ jù."

Akunmọ́tò wo fóòmù náà. Iyanrìn ń tàn nínú rẹ̀. Ó wo Bàbá Jígí. Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó padà sí apá ọ̀tún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í po ọ̀dà tí kò sẹ́ni tó ní kó pò.

"Àgbà ti ń dé, Bàbá," ni Ọ̀gá wí. Kò pariwo. Ì bá dùn mọ́ Bàbá Jígí nínú ká ní ó pariwo. "Ẹ bá mi tún un ṣe. Tó bá yá, ẹ máa mú àwọn funfun. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa mú dúdú."

Ọjọ́ méjì ló fi tún un ṣe. Mọ́tò dúdú kankan kò sì kọjá sí apá òsì mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ náà, ó bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Abọ́ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, omi inú rẹ̀ dúdú. Gbogbo fóòmù ilé ló ti inú rẹ̀ jáde. Ó tẹ́ wọn sórí iyanrìn, ó dojú wọn délẹ̀, ó jókòó tì wọ́n, inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ káàbọ̀. Mo ti fọ̀ wọ́n. Wọ́n mọ́ bí ojú."

"O ṣeun."

Bàbá Jígí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú olówùú funfun kejì. Iyanrìn dà sílẹ̀ lára rẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ jẹ́ kó gbẹ ná! Ẹ ò ní sùúrù rárá."

Ó dá a padà sórí iyanrìn.

Ó rò ó. Òun lè ra fóòmù mìíràn, kí òun máa fọ ìyẹn níbi iṣẹ́, kí ìyàwó òun sì máa fọ ti ilé lọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ohun tó ṣe nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ṣe é. Á gbé ti ilé jáde láàárọ̀ nínú ọ̀rá wọn, á tún gbé wọn wálé ní ìrọ̀lẹ́ bí wọ́n ṣe wà, lẹ́yìn tó bá ti fi pólíìṣì díẹ̀ kùn wọ́n lára kí wọ́n lè jọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ pè lórí fóònù. "Fóòmù ńkọ́, Bàbá?" Ó ní, "Wọ́n wà ńbẹ̀."

Irọ́ kọ́. Wọ́n wà ńbẹ̀ lóòótọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, èéfín ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Olówùú búlúù méjèèjì wà nínú ìkòkò lórí iná, omi ti gbẹ, fóòmù ti yọ́ mọ́ ìdí ìkòkò. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ fọwọ́ yọ wọ́n. Ìka mẹ́ta ló bó.

Bàbá Jígí pa iná. Ó fi ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ sábẹ́ omi ẹ̀rọ, ó dì í mú síbẹ̀.

"Kí lo sè wọ́n fún?"

"Wọn ò mọ́ mọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó ń sunkún bí ọmọdé. "Mo fọ̀ wọ́n, mo fọ̀ wọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ní wọn ò mọ́. Mi ò mọ ohun tí mo gbàgbé."

Ó fi aṣọ mímọ́ wé ìka rẹ̀. Ó pe ọmọ lórí fóònù. Nígbà tí ọmọ gbé e, ọ̀rọ̀ kan ló bá a sọ.

"Wá."

Ọmọ dé ní ọjọ́ Sátidé. Ó di aṣọ ìyá rẹ̀ sínú báàgì méjì. Ìyá fúnra rẹ̀ kò mú nǹkan kan àfi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó gbó, ó dì í mú bí ẹni tó di owó mọ́tò mú. Nígbà tó jókòó tán sínú mọ́tò, ó yọ orí síta.

"Ta ni yóò máa fọ fóòmù?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin!" Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ má fi omi gbígbóná o."

"Mi ò ní fi omi gbígbóná."

Mọ́tò gbéra. Bàbá Jígí dúró lójú ọ̀nà títí eruku fi rọlẹ̀, ó wọlé, ó to abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde.

Ọjọ́ Àìkú ni ó máa ń lọ wò ó. Ọmọ wọn sọ ohun tójú rẹ̀ ń rí. "Bàbá, fífọ̀ ni wọ́n ń fọ nǹkan ṣáá. Wọ́n fọ tìmùtìmù, wọ́n fọ bàtà ọkọ mi. Láàná, búrẹ́dì ni wọ́n fọ̀."

Bàbá Jígí mọ ohun tí ọwọ́ náà ń wá. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó wá àwọn fóòmù àtijọ́ mẹ́ta tó ti sọnù sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn tó ti gan, tí etí wọn ti já. Èyí tí kò ní bà jẹ́ mọ́, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ó gbé wọn lọ.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́yìnkùlé ọmọ. Ó gbójú sókè. "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ta lẹ ń wá?"

Ó ti máa ń rò ó pé ọjọ́ náà ń bọ̀. Rírò kò jọ rírí.

"Iṣẹ́ ni mo gbé wá," ó wí.

Ìyàwó rẹ̀ gba àkọ́kọ́, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó jù ú sílẹ̀. "Èyí ti kú." Ó mú èkejì. "Èyí náà ti kú." Kò tilẹ̀ mú ẹ̀kẹta. "Kí lẹ kó òkú wá fún mi fún? Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni?"

Ojú ti Bàbá Jígí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú oko olóko. Ó ṣa wọ́n nílẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá," ó wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó fi "ẹ" bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì, olówùú funfun ló gbé lọ, èyí tó fi ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìyàwó rẹ̀ kò pè é ní òkú. Ó ní kí wọ́n gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá. Ó yọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí. Láti àárín lọ sí etí. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tú u sílẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́, títí omi fi mọ́. Ó gbé e dúró lórí etí rẹ̀ lábẹ́ òjìji. Bàbá Jígí jókòó tì í láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí. Nígbà tó gbẹ, ìyàwó rẹ̀ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọ̀tún, òsì, ó mi orí. Ó mọ́.

Ó wá gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí iyanrìn, kó lè tún ìró rẹ̀ ró. Fóòmù tó bá kan ilẹ̀ ti di ìdọ̀tí, òun ló kọ́ ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá Jígí rí i. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ró ìró tán, ó mú fóòmù nílẹ̀. Kò fi sínú ọ̀rá. Ó nà án sí i.

"Ẹ wò ó."

"Kí ni?"

"Ẹ wò ó kí ẹ tó gbé e lọ. Mi ò rántí bóyá mo ti wò ó."

Bàbá Jígí gbà á. Ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Horo iyanrìn fá a lára, ọ̀kan, lẹ́yìn náà méjì. Ìyàwó rẹ̀ ń wo ojú rẹ̀, kò ṣẹ́jú, bí ọmọ tó ń dúró de èsì ìdánwò.

"Ó mọ́," ni Bàbá Jígí wí. "Ó mọ́ tónítóní."

"Mo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í purọ́." Inú rẹ̀ dùn. Ó ká ẹnu ọ̀rá lẹ́ẹ̀mejì, ó fi í lé e lọ́wọ́. "Ẹ bá mi kí ìyàwó yín o."

"Yóò gbọ́."

Nígbà tó délé, ó pọn omi, ó tún un fọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, mọ́tò funfun kan wà níwájú rẹ̀. Ó yọ fóòmù nínú ọ̀rá. Láti ọjọ́ mọ́tò dúdú, Akunmọ́tò kò tíì béèrè mọ́. Lọ́jọ́ náà, ó fi ọ̀dà sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó rọra béèrè.

"Bàbá Jígí. Ẹ ò ní wò ó ni?"

"Ìyàwó mi ti wò ó," ni Bàbá Jígí wí, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ.

Kò sọ iye ìgbà tí òun náà ti wò ó.